Ọ̀nà Jíjìn tí Dírẹ́bà Rọra Ń Gbà

Ẹnikẹ́ni tó bá rí ọkọ̀ búlúù yẹn níwájú ilé rẹ̀ lọ́jọ́ iṣẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní gbà á dúró mọ́. Rọra ló ń wa ọkọ̀ náà. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú fáìlì, èmi ni mo sì ń tọ́jú fáìlì, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni fi orúkọ yẹn pè é rí. "Ẹ rọra" ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ẹ bá ń sáré, ẹ rọra. Bí ẹ bá ń jẹun, ẹ rọra. Ọ̀gá wa sọ lọ́jọ́ kan pé bí ilé bá ń jó, Rọra á kọ́kọ́ kí iná náà kú iṣẹ́ kó tó lọ pọn omi. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa. Èmi náà wà níbẹ̀, mo rín in. Nígbà tí mo bá rántí ẹ̀rín yẹn báyìí, ara mi ni inú ń bí mi sí.

Ibi ìfọ́kùúta ni a ti jọ ṣiṣẹ́. Akọ̀wé ni èmi, mo jókòó ti fóònù fún ọdún mọ́kàndínlógún, eruku funfun sì ń wọlé bá mi láti ojú fèrèsé bí ẹni pé òun náà gba iṣẹ́. Rọra ló ń kó irinṣẹ́ àti oúnjẹ wọlé, òun ló sì ń gbé ẹni tó bá farapa lọ sí ilé ìwòsàn. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú fáìlì nìyẹn. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì, ẹnikẹ́ni ò kọ ọ́ síbì kankan. Bí òkúta bá ya lu ènìyàn, tí onítọ̀hún sì kú, Rọra ni ọ̀gá máa ń rán lọ bá ìyàwó rẹ̀ tàbí ìyá rẹ̀.

Ó ti ṣe iṣẹ́ yẹn ṣì rí, lẹ́ẹ̀kan péré. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi nínú ọkọ̀, lọ́jọ́ kan tí òjò dá wa dúró. Ọdún tó kọ́kọ́ dé ni, ojú rẹ̀ kò tíì là. Wọ́n rán an sí ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó dọ̀bálẹ̀ ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ní, "Ìyá, ọmọ yín ti kú." Ìyá náà fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ẹsẹ̀ yẹ̀ lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ó sì yí dé iwájú Rọra níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. Ìyá yẹn kò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn mọ́ títí tó fi re ibi àgbà ń rè. Nígbà tí Rọra sọ ọ́ tán, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n bá òun nu gíláàsì iwájú, bẹ́ẹ̀ òjò ń rọ̀ síta, kò sóhun tí a lè nù.

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti sọ ọ̀rọ̀ kankan ní tààrà mọ́, àní nínú ilé ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń bá òun sọ̀rọ̀ nípa òrùlé tó ń jò, kí òun tó mọ̀ pé ó fẹ́ kí àwọn jọ gbé abẹ́ òrùlé kan ni. Bó bá fẹ́ iyọ̀ sí i lójú oúnjẹ, á kọ́kọ́ béèrè bóyá ọwọ́ kò ro aya rẹ̀. Obìnrin náà máa ń sọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀rín, ó sì máa ń gbé iyọ̀ náà fún un kó tó parí ìbéèrè.

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dénú rẹ̀ á di odindi. Rọra kì í tilẹ̀ sọ àbọ̀. Ó máa ń gé ọ̀rọ̀ náà wẹ́wẹ́ bí ẹni gé ẹran fún aláìléyín. Láti ilé àwọn òṣìṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, ọ̀nà tààrà wà tí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Bó bá ti gbé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú, kì í gbà á. Á yà sọ́wọ́ òsì nídìí táǹkì omi, á gba ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó, á yí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ po, kó tó já sí ilé ìwòsàn láti ẹ̀yìn, níbi tí mọ́ṣúárì wà. Ogójì ìṣẹ́jú ni. Ní ẹnu ọ̀nà ilé, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Wọ́n ní kí ẹ wá bá a lọ́sibítù." Bí wọ́n bá dé ìdí táǹkì, á ní, "Ó le díẹ̀ o." Lẹ́yìn ibi ìlapákó, á ní àwọn dókítà ń gbìyànjú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́, á ní, "Ó ṣì wà láàyè, ṣùgbọ́n ọwọ́ Ọlọ́run ló wà." Láti ibẹ̀ kò ní sọ̀rọ̀ mọ́. Kí wọ́n tó dé géètì, obìnrin náà á ti mọ̀ fúnra rẹ̀, ẹkún á ti sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn ará ilé tí a ti rán ẹlòmíràn sí á sì ti gba ọ̀nà tààrà débẹ̀ láti gbà á mọ́ra. Kò sí ẹni tó ṣubú mọ́.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ọ̀nà yìí ju bó ti yẹ lọ. Ẹni tí afárá já níwájú rẹ̀ á yà, ìyẹn kò jẹ̀bi. Ẹni tí kò fẹ́ kí àna rẹ̀ rí òun á pẹ́ kọ̀rọ̀. Olè á gba ẹ̀bùrú. Ẹni tó ń kánjú á gba àbùjá, ẹrẹ̀ sì lè dá a dúró níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé ohun tó lè fọ́ dání, yíyí ló máa ń yí po. Gbogbo wọn ló kúrò lójú títì, ṣùgbọ́n a kì í pe ọ̀kan ní èkejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ níwájú mi pé ẹ̀bùrú ni Rọra gbà, èmi àti onítọ̀hún á jọ wọ ṣòkòtò kan náà. Ó ń yí po ni. Ọdún méjìlélógún ló fi yí po, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló sì gbé gba ibẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, á fi ọṣẹ fọ ọkọ̀ náà nínú lóde, kò sì ní jẹun títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Ní Ọjọ́rú kan, aago mẹ́sàn-án kọjá díẹ̀, ẹ̀rọ ìfọ́kùúta gbé mẹkáníìkì lẹ́sẹ̀. Ó wọnú ẹ̀rọ lọ láti yọ òkúta tó há, ẹnì kan tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀ sì tan iná. Mẹkáníìkì yìí ni ọkọ aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà ilé àwọn òṣìṣẹ́. Obìnrin náà ló rán yunifọ́ọ̀mù gbogbo wa, ahọ́n rẹ̀ sì mú ju sísọ́ọ̀sì rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ tó ń wọ̀n mí, ó ní kí n dúró jẹ́ẹ́, okùn ìwọ̀n òun kì í ṣe okùn ìdíwọ̀n ilẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kì í bínú sí i. Á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á máa fi òróró sí i, bẹ́ẹ̀ òróró yẹn kò tán níbẹ̀ rí.

Rọra gbé mẹkáníìkì náà gba ọ̀nà tààrà. Ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ló fi dé ilé ìwòsàn, mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn, nítorí àwọn kan ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé kò mọ eré sá. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́wàá lù, fóònù dún lórí tábìlì mi. Nọ́ọ̀sì ni. Ó ní ẹsẹ̀ náà ti run kọjá àtúnṣe, wọ́n gbọ́dọ̀ gé e kíákíá kí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin náà tó tán. Ó ní ọkùnrin náà kò mọ ibi tó wà mọ́, wọn kò sì gbọ́dọ̀ gé ẹ̀yà ara ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ará ilé rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé. Ẹnì kan ti gbé wọn lọ sí kóòtù rí lórí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, láti ìgbà náà ni dókítà kankan kò ti jẹ́ fọwọ́ kan ọ̀bẹ kí ìwé tó dé. Ìrìn ọjọ́ méjì ni ibi tí àwọn ẹ̀gbọ́n mẹkáníìkì wà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló kù. Nọ́ọ̀sì ní kí a gbé e wá kí aago mọ́kànlá tó lù.

Nígbà náà, fóònù kò tíì wọ àpò ènìyàn. Méjì péré ló wà ní gbogbo àdúgbò wa, èyí tó wà níwájú mi àti ti ilé ìwòsàn. Ọ̀gá ní, "Rán Rọra sí i." Mo rán Rọra sí i. Kò sí ọ̀kan nínú wa tó dúró rò ó wò. Bí nǹkan bá ṣe òṣìṣẹ́, tí a sì fẹ́ pe ìyàwó rẹ̀, Rọra ni a máa ń rán. Àwa tí a fi ọdún méjìlélógún kọ́ gbogbo àdúgbò ní ohun tí ọkọ̀ yẹn túmọ̀ sí, àwa náà ló gbàgbé. Ọ̀gá ní kí n bá a lọ, nítorí pé obìnrin ni a ń lọ bá.

Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún ni a dé ṣọ́ọ̀bù. Kí ọkọ̀ tó dúró, obìnrin tó ń ta epo ìdáná ní òdìkejì ti ká ọwọ́ lérí. Àwọn tó ń fọ aṣọ dìde. Aránṣọ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo ọkọ̀ náà. Rọra sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ọkọ rẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ ọn láyà.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, ìyàwó wa. Ẹ rọra. Ara ọkọ yín ni ò fi bẹ́ẹ̀ yá. Wọ́n ní kí ẹ wá bá a lọ́sibítù."

Mo dijú mi. Àwọn ọ̀rọ̀ náà gan-an ni, ọ̀kan ò yingin. Òtítọ́ pọ́ńbélé sì ni lọ́jọ́ yẹn.

Aránṣọ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ máa lọ. Ẹ ò tíì sọ ọ́ tán. Bí ẹ ò bá sọ ọ́ tán, kò tíì ṣẹlẹ̀." Ó dìde, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mọ́ra rẹ̀, a sì gbọ́ tó fi irin dábùú u láti inú.

Rọra sáré dé ibẹ̀, ó ń lu pákó. "Ìyàwó wa, ẹ ṣílẹ̀kùn! Ó ṣì wà láàyè!"

Àwọn obìnrin ti yí wa ká. Opó wẹ́dà wà láàárín wọn, ẹni kẹtàlá tí Rọra gbé. Kò bínú, kò tilẹ̀ gbé ohùn sókè. Ó ní, "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ lẹ ti sọ ìyẹn fún èmi, Bàbá. Ọkọ mi ti wà ní mọ́ṣúárì nígbà náà."

Mo wá gbé ẹnu mi sí ihò kọ́kọ́rọ́, mo pariwo pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, ẹ̀rọ ló gbé e lẹ́sẹ̀, kó wá fọwọ́ síwèé kí wọ́n lè gé e kó má baà kú. Ohùn aránṣọ dá mi lóhùn láti inú, ó rọlẹ̀ bí ohùn ẹni tó ń ka òǹkà. "Akọ̀wé, wọ́n ti kọ́ ìwọ náà. O mọ̀ ọ́n sọ jù ú lọ."

Obìnrin elépo fà mí sẹ́yìn. "Ẹ jẹ́ kó sunkún. Ẹ wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára bàbá yìí, ẹ ń pè é ní ẹsẹ̀." Ẹlòmíràn gbé àpótí fún Rọra, ó bu omi fún un. Ó ní, "Ẹ jókòó, Bàbá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín yìí ò rọrùn." Wọ́n ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ṣe mí bíi kí n fi àpótí yẹn fọ́ nǹkan.

Rọra kọ omi náà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ilẹ̀kùn, ó fi ibojì ìyá rẹ̀ búra pé ọkùnrin náà kò kú. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ìbúra lẹ́nu Rọra rí. Ìyẹn gan-an ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wọ́n ní bí Rọra bá lè búra, a jẹ́ pé ikú ọ̀hún kò ṣeé fẹnu sọ ni, ariwo ẹkún sì ta lẹ́ẹ̀kan náà. Mo gbọ́ tí ohun kan wó nínú ṣọ́ọ̀bù.

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n kan ti sọ sí mi lọ́kàn, ó sì pẹ́ kó tó sọ. Mo di Rọra léjìká mú. "Ẹ lọ gba ìwé yẹn wá! Ta ló ń fọwọ́ síwèé kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òkú?" Ó dìde, kò gbọn eruku aṣọ rẹ̀. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ku ìṣẹ́jú márùn-ún ni nígbà tí ọkọ̀ náà kúrò, ó sì gba ọ̀nà tààrà tó bẹ́ẹ̀ tí adìyẹ ẹnì kan fi bá a lọ. Lọ́hùn-ún, nọ́ọ̀sì ní ìwé kì í jáde nílé ìwòsàn. Ó ní kó lọ wá dókítà, dókítà ní kó lọ wá ọ̀gá nọ́ọ̀sì, òun ló wá yọ̀ǹda ìwé náà. Èmi jókòó ti ilẹ̀kùn, mò ń sọ̀rọ̀ fún pákó. Mo sọ fún aránṣọ pé ọkọ rẹ̀ ń dúró dè é.

Nígbà tí Rọra padà dé, aago mọ́kànlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. A ti ìwé náà gba abẹ́ ilẹ̀kùn. Aránṣọ fà á wọlé. Orúkọ ọkọ rẹ̀ ló wà lókè, ọjọ́ orí rẹ̀, àti ohun tí wọ́n fẹ́ gé, ẹsẹ̀ ọ̀tún, lókè orúnkún. Nísàlẹ̀ ni àyè tó ṣófo wà.

Irin náà yọ. Aránṣọ jáde pẹ̀lú ojú tó wú, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ nìkan? Ẹsẹ̀ kan péré? Kí wọ́n gé e! Kí wọ́n gé méjèèjì bó bá wù wọ́n!" Ó gba bírò mi, ó fọwọ́ sí i lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́, opó wẹ́dà fi iborùn bo ojú rẹ̀. Nínú ọkọ̀, aránṣọ kò dákẹ́. Ó ní òun á máa rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kan, aṣọ tó bá ṣẹ́kù òun á fi rán fìlà sí i. Ó ní àwọn á gbé ibùsùn wá sí ìsàlẹ̀, àti pé iṣẹ́ òróró kò gba ẹsẹ̀. Ó lu Rọra léjìká, ó ní, "Bàbá, ẹ tún eré sá, ẹ yé rọra!" Rọra tún eré sá.

Ní ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì gba ìwé náà, ó kà á láti òkè délẹ̀, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Dókítà jáde wá. Ọ̀dọ́ ni, ó ti bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó ní ká jókòó, a kò jókòó. Ó ní àwọn sa gbogbo ipá àwọn. Ó ní ẹ̀jẹ̀ tó dà ti pọ̀ jù. Ó ní, "Kò tíì pẹ́ rárá, Mà. Bí ẹ ṣe ń wọlé bọ̀ báyìí ni."

Aránṣọ kò ṣubú. Ó ń mi orí. "Bí a ṣe ń bọ̀. A ti wà lọ́nà nígbà yẹn." Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó lè dì mú. Ọ̀nà ló jìn, ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yẹn nínú mi. Àmọ́ pátákó kan wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì, wọ́n kọ aago tí ọkùnrin náà kú sí i pẹ̀lú yíǹkì pupa, èmi àti Rọra sì ti rí i.

Aránṣọ yíjú sí Rọra. "Bàbá, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Mo fi gbogbo ìwúwo mi tẹ̀ ẹ́. Kó yí i po. Bó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọ̀nà jíjìn yẹn wúlò láyé, ìgbà náà ni. Mo wo ojú rẹ̀, mo sì rí i pé ó ti pinnu lójú ọ̀nà tó ń lọ tó ń bọ̀ pé òun kò ní yí ohunkóhun po fún obìnrin yìí mọ́.

Ó ní, "Rárá o. Aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kú. Èmi wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú ìwé."

Aránṣọ rò ó. Mo rí i tó ń rò ó, ètè rẹ̀ ń mì bí ìgbà tó bá ń ka ìwọ̀n ara ènìyàn. "Ilẹ̀kùn mi wà ní títì."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ká ní mo tẹ̀ lé yín nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ dé ńkọ́?"

Dókítà sáré sọ pé kò sí ẹni tó lè mọ ìyẹn. Ojú Rọra kún fún omi, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò wárìrì. Ó ní, "Ẹ̀ bá bá a láàyè. Èmi ni mo fà á, ìyàwó wa, kì í ṣe ẹ̀yin."

Apá tó gbẹ̀yìn yẹn, kò gbọ́ ọ. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó fi gbé irin dábùú ilẹ̀kùn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn ọwọ́ náà gbá ògiri, kò pariwo, kò sunkún, ó ń gbá a ṣáá. Èmi àti nọ́ọ̀sì àti Rọra la jọ dì í mú, agbára wa kò sì tètè ká a.